Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Kò Sí Nínú Wákàtí Ogún

Bí èèyàn bá jókòó díẹ̀ sí ọ́fíìsì àwọn éjẹ́ǹtì tó ń báni wá ilé-ẹ̀kọ́ sí Ìlú Ọba, ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn níbí, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ: “Bàbá, ẹ ṣáà wá ìdajì owó yẹn. Tí ọmọ bá débẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ san ìyókù.” Bàbá á ronú kan ilẹ̀ tó fẹ́ tà, á sì gbà. Kò yẹ kó gbà.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Ní oṣù kẹrin 2025, £12.21 ni owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láyè nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. £976.80 ni gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ìjọba ibẹ̀ ní kí ẹni tí kò ní gbé London fi £1,136 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, fún ilé àti oúnjẹ lásán. Owó tí kò tó jẹun, ṣé òun ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́?

Ọmọ tí gbèsè ń lé kì í dúró lórí 20. Á wọ ṣíìfù kejì. Bí àṣírí bá tú, físà lè bọ́, owó ilẹ̀ á sì wọgbó. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń rú òfin. Ẹni tó ń dirun fún oníbàárà nínú yàrá rẹ̀ ti dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gba ìyẹn rárá. Àwọn ọmọ másítà náà ń ṣìnà: wọ́n á ka ìgbà ooru sí ọlidé, nígbà tó jẹ́ pé àkókò iṣẹ́ ìwádìí ìparí ni, tí wákàtí 20 ṣì dè wọ́n.

Iṣẹ́ tó yẹ ká rán ọmọ lọ wá ni èyí tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ tan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli Ìbàdàn mọ iyì I.T., ètò ìdánṣẹ́wò níbi iṣẹ́ tó ti wà láti 1973. Ìlú Ọba náà ní ẹ̀kọ́ tí ìdánṣẹ́wò wà nínú rẹ̀, wákàtí rẹ̀ kì í sì í jẹ nínú 20 yẹn. Ó lè gùn jù, ó lè wọ́n jù, ṣùgbọ́n òun ló sàn. Àkókò ti ń kúrú: ẹni tó bá béèrè físà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, èyí tí èèyàn fi ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, láti oṣù kìíní 2027, oṣù 18 ni yóò gbà dípò ọdún méjì, àfi ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí àbùkù nínú kíkó páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, àmọ́ ẹni tí kò ṣe ju ìyẹn lọ kò ní rí nǹkan kan fi han agbanisíṣẹ́ láàárín oṣù 18.

Kí bàbá tó sanwó, kó bi éjẹ́ǹtì bóyá ìdánṣẹ́wò wà nínú ẹ̀kọ́ náà, àti ta ni yóò bá ọmọ wá a. Bí owó ò bá sì tíì pé, kí ó ní kí wọ́n bá òun sún ìgbaniwọlé náà di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gbà.