Ẹ Má Tíì Wó Òpó Rédíò

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mọ bó ṣe parí. Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa ni pé kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù wó òpó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wọn, kí íntánẹ́ẹ̀tì gba iṣẹ́ náà ṣe. Èmi ni mo ta kò ó. Wọ́n dìbò, ẹ̀yìn mi sì kanlẹ̀. Kò burú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n fún mi, aago sì ti lù kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ Bilsdale. Ògiri yìí ò ní aago.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ (èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìjiyàn) ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa. A máa ń rò pé BBC ló ni òpó tí ohùn BBC ń gbà jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o. Ọdún 1997 ni wọ́n ta àwọn òpó tó ń gbé BBC káàkiri ilé fún iléeṣẹ́ aládàáni. Lónìí, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Arqiva ló ń gbé BBC, ó ń gbé ITV, ó ń gbé Channel 4. Àwọn tó ń bá ara wọn du olùwòran jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan ló sì ń wà á.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ṣe é báyẹn. Ní Faransé, ti ìjọba ni TDF tẹ́lẹ̀, àwọn olówó okòwò ló ni ín báyìí. Ní Sweden, ìjọba ò tíì jọ̀wọ́ Teracom. Ní Ireland, abẹ́ RTÉ ni 2rn wà. Àwọn ará Ítálì fẹsẹ̀ kan síhìn-ín, wọ́n fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún: RAI ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú Rai Way, àmọ́ láti 2014 ni ẹnikẹ́ni tó bá lówó ti lè ra ìpín tirẹ̀ lọ́jà.

Ó yá, Bilsdale. Orí òkè ni, ní North Yorkshire, àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1969 ni òpó irin kan ti dúró síbẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 314. Ẹ to Ilé Kòkó Ìbàdàn mẹ́ta léra kí ẹ tó mọ ohun tí mò ń wí. Ní ọ̀sán ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ, ọdún 2021, iná sọ lára òpó yìí. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ṣú, rédíò dákẹ́, ní ọ̀kẹ́ àìmọye ilé, láti North Yorkshire títí wọ Teesside àti County Durham. Òpó kan ṣoṣo!

Òpó náà bà jẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n sì wó o lulẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Ọjọ́ 13 oṣù yẹn ni òpó onígbà díẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 80, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kà á: oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́ta. Òpó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré lọ rà lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n máa gbà kọjá àti èyí tí wọ́n máa gbé e lé fi ọjọ́ ṣòfò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kéékèèké sórí àwọn òkè mìíràn bíi Eston Nab, ìyẹn sì dá ohùn padà fún àwọn kan. Àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́yìn òkè kàn ń wo gíláàsì dúdú ni.

Ọ̀rẹ́ mi tó borí mi máa sọ pé àwọn tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń wo tiwọn ní gbogbo àsìkò yẹn. Òótọ́ ni. Àwọn tó ní abọ́ sátẹ́láìtì náà ò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Nígbà tí mo ń kà á, màmá àgbà mi ló wá sí mi lọ́kàn. Rédíò wọn kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Fóònù wọn ò ju kí wọ́n fi pè wá lọ, wọn ò sì ra dátà rí láyé wọn. Arúgbó wà ní Yorkshire náà, àbí kò sí?

Ọ̀rẹ́ mi tún sọ, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́, pé íntánẹ́ẹ̀tì ò ní òpó tó máa jóná. Háà! Orí kí ni fóònù ń gbé? Ní Sípéènì, Cellnex tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n kiri náà ló ni òpó fóònù rẹpẹtẹ. Ohun tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé òpó rédíò dà bí akéde: ó lu agogo lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò gbọ́, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́wàá, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan. Íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ọmọ tí a rán láti ojúlé dé ojúlé. Bí ojúlé bá ṣe ń pọ̀ ni ó ṣe ń rẹ̀ ẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń sanwó kó tó jíṣẹ́.

Ẹ wo Norway. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pa FM rédíò àpapọ̀ wọn láyé. Oṣù kìíní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Nordland, nígbà tí oṣù kejìlá máa fi dé, ó ti tán. Àwọn rédíò àdúgbò kéékèèké nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Ó dun àwọn onímọ́tò tí rédíò ọkọ̀ wọn ò gbé DAB. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: DAB yẹn, orí òpó ló ń gbà! Orílẹ̀-èdè tó lówó epo rọ̀bì tó bẹ́ẹ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sáré, kò wó òpó.

Ní tèmi o, n ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹni tó ni òpó. Ìjọba lè ni ín, aládàáni lè ni ín, iná ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí òfin ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ta òpó: bí èyí bá ṣubú, èwo ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ wo ló máa dúró lé, ta ló máa sanwó? Ó yẹ kí ìdáhùn ti wà ní Bilsdale kí iná tó sọ.

Ọ̀rẹ́ mi ti ṣèlérí pé òun máa fèsì. Mo ti bá olóòtú wa sọ̀rọ̀, wọ́n ní àyè wà lápá ọ̀tún pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.