Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Kọ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ nídìí oúnjẹ, ẹ dákun, ẹ bá mi fara dà á.

Bí ènìyàn bá rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, kì í pẹ́ tí àwọn ará ilé yóò fi sọ àìsàn náà lórúkọ: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyàwó yóò ní kí baálé má fi ṣúgà sí tíì mọ́, ọ̀rẹ́ yóò ra àgbo jẹ̀dí wá láti ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa ní dìsípẹ́nsárì, wọn kì í bi wá léèrè ohun tí ń ṣe wọ́n. Oògùn jẹ̀dí ni wọ́n ń bèèrè. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo. Ohun tí mo ń jà sí ni pé a ti sọ àìsàn lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó wo ibi tí ó wà.

Lóòótọ́, iṣan ìdí tí ó wú ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ yìí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí kò sì le. Ṣùgbọ́n egbò inú ìfun lè fà á, jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà lè fà á. Kókó kan sì tún wà tí púpọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà káàkiri inú awọ ìfun, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tú họ́mónù jáde, èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, wọn a di kókó tí àwọn dókítà ń pè ní neuroendocrine tumour. Carcinoid ni a ń pè é tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ó jọ jẹjẹrẹ. Siegfried Oberndorfer, dókítà kan ní ìlú Munich ní Jámánì, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1907, nítorí ó gbà pé kì í ṣeni ní ibi. Ní 1929, òun fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní ó lè tàn ká ara. Bí ọ̀mọ̀wé tí ó fi awò wo ẹran ara bá lè tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbé yẹ̀wò, kí ló dé tí àwa tí a kò wo nǹkan kan fi rọ̀ mọ́ jẹ̀díjẹ̀dí?

Ní òpin ìfun, nítòsí ihò ìdí, kókó yìí sábà máa ń kéré, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí ti ìyeyè, a sì fara pamọ́ sábẹ́ awọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tí dókítà ti ń wá ohun mìíràn ni ó ti ń bá a pàdé. Ní Amẹ́ríkà, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ti òpin ìfun yìí wọ́pọ̀ láàrín àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nígbà mìíràn ìka dókítà tí ó wọ ìbọ̀wọ́ lè kàn án. Bí kò bá kàn án, ẹ̀rọ kan wà tí ó gùn, tí ó rọ̀ bí okùn, tí iná àti kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa ni ó ń sá fún un jù, wọ́n ní ìtìjú ni. Àwọn kan náà sì ni ń sọ̀rọ̀ jẹ̀dí ní gbangba nídìí ọlọ́mọge tí ń ta àgbo.

Ìwọ̀n kókó náà ni ó mú kí wíwò kíákíá ṣe pàtàkì. Èyí tí kò tó mìlímítà 10, tí kò ju horo àgbàdo lọ, kì í sábà tàn. A lè fi ẹ̀rọ náà yọ ọ́ láìla ikùn. Ṣùgbọ́n abẹ́ awọ ni ó wà, nítorí náà bí a bá kàn gé e bí a ti ń gé kókó yòókù, ìdí rẹ̀ lè ṣẹ́kù. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni ó yẹ. Bí ó bá wà láàrín mìlímítà 10 sí 20, a ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ láti mọ bí ó ti jìn tó. Èyí tí ó bá ju 20 lọ ti di iṣẹ́ abẹ ńlá, ó sì lè ti dé inú ẹ̀dọ̀. Ti inú ìfun ńlá lókè ṣọ̀wọ́n ju ti òpin ìfun lọ, ṣùgbọ́n ó burú jù ú, nítorí ó sábà máa ń tóbi kí a tó rí i.

Owó kan sì wà tí àwọn ará ilé máa ń fẹ́ fò dá: owó àyẹ̀wò ẹran tí a yọ. Wọn a ní, “Nọ́ọ̀sì, ó ti jáde, kí la tún ń wò?” Nínú gbogbo owó ọsibítù, èyí ni èmi kò ní gbà kí a dín kù. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ orúkọ rẹ̀ àti bí ó ti ń yára tó. Wọn a ka iye sẹ́ẹ̀lì tí ń múra láti pín nínú 100: bí kò bá pé 3, ó lọ́ra, 3 sí 20, ó yá díẹ̀, bí ó bá ju 20 lọ, ó le. Èyí ni dókítà yóò fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ parí síbẹ̀, tàbí kí aláìsàn máa padà wá fún wíwò. Fún èyí tí ó lọ́ra ṣùgbọ́n tí ó ti tàn, abẹ́rẹ́ octreotide tàbí lanreotide wà, tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin kí ó má baà tètè dàgbà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó ń rù láìnídìí, kí ó wí fún dókítà pé kí ó wo ìdí òun kí ó tó kọ oògùn. Obìnrin tí kò bá fẹ́ kí ọkùnrin wo òun lè bèèrè fún dókítà obìnrin, tàbí kí nọ́ọ̀sì dúró tì í. Ní ti ìwé àyẹ̀wò ẹran, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín. Dókítà tí yóò wò yín ní ọdún márùn-ún sí i yóò bèèrè rẹ̀.