Ìwé-Ẹ̀rí Ara Ògiri Nìkan Kò Tó: Ìdí Tí Apoògùn Fi Gbọ́dọ̀ Máa Kẹ́kọ̀ọ́ Sí I

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Bóyá ni iṣẹ́ kan wà tí òwe yìí bá mu bí iṣẹ́ apoògùn. Títí di ọdún 2005, chloroquine ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ fi sí ipò kìn-ín-ní fún ìtọ́jú ibà. Ní ọdún náà, nígbà tí ó ti hàn gbangba pé apá oògùn náà kò ká kòkòrò ibà mọ́, ìlànà yí padà sí àwọn àpapọ̀ oògùn tí artemisinin wà nínú wọn. Ní ọdún 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún gbani nímọ̀ràn pé kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí á tó lo oògùn ibà. Apoògùn tí ó jáde ní yunifásítì ní ọdún 1995, tí kò sì kẹ́kọ̀ọ́ mọ́ lẹ́yìn náà, lè máa fún àwọn ọmọ wa ní oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe nítorí ìkà, bí kò ṣe pé ìmọ̀ rẹ̀ ti gbó.

Ìdí nìyí tí òfin kò fi fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún ni apoògùn ń sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọ̀ Pharmacy Council of Nigeria, àjọ tí òfin ọdún 2022 tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì jẹ́ dandan fún un.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: ṣé jíjókòó sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan tó láti fi hàn pé ènìyàn mọ iṣẹ́? Ìlànà tí ó ń gbilẹ̀ káàkiri àgbáyé báyìí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá lórí ìmọ̀-ọ́n-ṣe, kì í ka wákàtí. Ohun tí apoògùn gbọ́dọ̀ lè ṣe níwájú aláìsàn ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó kọ́ ọ, a ó sì wò ó bí ó ti ń ṣe é. FIP, àjọ àwọn apoògùn lágbàáyé, gbé àkójọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2012, ó sì tún un ṣe ní ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ìyá àgbà kan wọlé, ó ní kí wọ́n ta ibuprofen fún òun nítorí orúnkún tí ń ro òun. Ẹni tí ó kàn há orúkọ oògùn sórí yóò tà á. Ẹni tí ó ní ìmọ̀-ọ́n-ṣe yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Màmá, oògùn wo ni ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀? Ṣé ẹ ń mu àgbo pẹ̀lú?" Bí ìyá bá dáhùn pé òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, apoògùn náà yóò rántí pé ibuprofen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Yóò wá ọ̀nà mìíràn fún un, tàbí kí ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà.

A kò ní ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Apoògùn kan ṣoṣo ni ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn. Bí ó bá lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò dá aláìsàn lóhùn? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ náà sì ń lọ sí òkè òkun, ẹrù ń wúwo sí i fún àwọn tí ó kù. Nítorí náà ni a ṣe gbà pé kíkọ́ni níbi iṣẹ́ gan-an, lójú ẹni tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀, yóò so èso ju ìpàdé inú hòtẹ́ẹ̀lì lọ. Àwọn agbanisíṣẹ́, títí kan ìjọba, gbọ́dọ̀ ya àkókò sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa, ipa tiyín wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ ilé oògùn, ẹ wo ara ògiri bóyá ìwé àṣẹ ti ọdún yìí ni ó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè apoògùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí ń bá a tajà. Bí ó bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ má ṣe kà á sí ìdádúró. Bí ó bá kọ̀ láti ta oògùn apakòkòrò fún yín láìsí ìwé dókítà, ẹ má ṣe bínú. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́.