Ẹ má jẹ́ kí kapásítọ̀ dójú tì yín lóde Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ orin ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbọ́ ná. Lásìkò Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, bí régbérégbé kan ṣe ń pe àríyá ni òmíì ń pe tiẹ̀. Owó háyà ti wọlé, wọ́n ti ná an. Àfi kí ampilifáyà ṣàdédé máa kùn bí agbọ́n lójú àlejò, kó sì dákẹ́ lọ gbári. Kí lẹ fẹ́ sọ fún olówó?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kapásítọ̀ ńlá tó wà nídìí iná ló ti gbẹ, tí orí rẹ̀ ti wú. Òun ló ń mú kí iná dúró jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ orin. Níbi tí wọ́n ti ń ra òmíì lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n ní 4700 làwọn yọ, 4700 làwọn rà, ó parí. Kò parí o! Fóòtì rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ ṣírò ó wò. Tàràǹsífọ́mà tó ń gbé fóòtì 35 jáde, bí iná rẹ̀ bá ti gba inú dáyóòdù kọjá, nǹkan bí 49 ni kapásítọ̀ ń gbà. Ẹni tó ra ti 50 á rò pé òun gbọ́n. Ṣé iná ìlú yìí máa ń dúró lójú kan ni? Bó bá ti 230 fò dé 260, 49 yẹn ti di nǹkan bí 55 nìyẹn. Bí kapásítọ̀ náà kò bú lónìí, ó ń bọ̀ wá bú. Ti 63 ló yẹ kó rà.

Ẹ tún wo ti ooru tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 85 tàbí 105. Ti 105 ni kẹ́ ẹ mú. Bí ooru bá fi dígírí 10 lé sí i, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ máa ń dín sí nǹkan bí ìdajì, abẹ́ kánópì lọ́sàn-án gangan kì í sì í ṣe ibi tútù. Ayédèrú náà wà nígboro, kékeré tí wọ́n há sínú agolo ńlá. Bó bá fúyẹ́ jù lọ́wọ́, ẹ fura. Ti àwọn tó ń wá olówó gọbọi nítorí kí ohùn lè dùn, lójú agbo fújì, ta ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀?

Ẹ kìlọ̀ fọ́mọ iṣẹ́ o. Pé wọ́n ti yọ ẹ̀rọ lára iná kò ní kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná ṣì ń sùn nínú kapásítọ̀. Kó fi wáyà gílóòbù kàn án lẹ́sẹ̀ méjèèjì títí yóò fi tán, kó sì fi mítà wò ó. Nígbà tó bá ń jó tuntun mọ́ ọn, kó wo ẹsẹ̀ tí wọ́n fa ilà sí dáadáa. Ẹni tó bá yí i sódì, ojú ara rẹ̀ ló máa bú mọ́.