Adójútòfò Ajá: Ẹ Má Wo Owó Oṣooṣù Nìkan

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú èèyàn ní ilé ìwòsàn NHS láìgba owó lọ́wọ́ aláìsàn, ṣùgbọ́n ti ajá àti ológbò kò kàn án. Bí ajá rẹ bá dá lẹ́sẹ̀, ìwọ lo máa san owó dókítà ẹranko látìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó iṣẹ́ abẹ sì lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Manchester ti ń mọ èyí báyìí, nítorí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í yé bẹ̀bẹ̀ fún ajá. Ìyá tó dàgbà sí Ìbàdàn, níbi tí ajá ti ń ṣọ́lé, tó ń jẹ àjẹkù, tí wọ́n sì ń rọ epo pupa sí i lẹ́nu bó bá jẹ májèlé, ló wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń yan adójútòfò fún ajá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2023 nìkan, owó tí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò san lórí ohun ọ̀sìn ní Britain ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ.

Èyí tó pọ́ọ́kú jù nínú ohun tí wọ́n ń tà ni ti jàǹbá nìkan. Bí mọ́tò bá gbá ajá, wọ́n á sanwó. Bí àìsàn bá ṣe é, ẹ ó wá owó yín. Ìyẹn yé gbogbo èèyàn. Àwọn mẹ́ta yòókù ló ń da orí rú, nítorí gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ń san owó àìsàn.

Ẹ jẹ́ ká fi àtọ̀gbẹ wò ó, nítorí ajá tí àtọ̀gbẹ bá ń ṣe sábà máa ń gba abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́ títí tí yóò fi kú. Ti olóṣù méjìlá á sanwó rẹ̀ fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ àtọ̀gbẹ kúrò, bí ẹ tilẹ̀ ń san owó oṣooṣù lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ka oṣù, owó ló ń kà: iye kan wà fún àìsàn kọ̀ọ̀kan, tó bá ti tán, ó tán. Èyí tí wọ́n ń pè ní lifetime nìkan ni owó rẹ̀ ń padà kún lọ́dọọdún, bí ẹ kò bá jẹ́ kó já. Òun náà ló sì wọ́n jù.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àwọn á fi èyí tó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀, àwọn á sì yí padà bí ajá bá ń dàgbà. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtọ́jú ajá wà lọ́wọ́ dókítà, iléeṣẹ́ tuntun sì lè béèrè rẹ̀. Àìsàn tí wọ́n bá ti bá níbẹ̀, ì báà ṣe etí yíyún lásán, wọn kì í sábà gbà á sọ́rùn mọ́. Ìgbà tí ajá ṣì kéré, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, nìkan ni ẹni tó ń ra adójútòfò lè yan èyí tó wù ú.

Iye owó náà kò ní dúró sójú kan. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, àjọ FCA, tó ń ṣàbójútó àwọn iléeṣẹ́ ìṣúná ní Britain, ti kà á léèwọ̀ pé kí iléeṣẹ́ adójútòfò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju ti tuntun lọ, ṣùgbọ́n ilé àti mọ́tò nìkan ni òfin yẹn dé. Ajá kò sí níbẹ̀. Bó bá sì ti ń darúgbó, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ á ní kí ẹ máa dá lára owó dókítà, yàtọ̀ sí iye tí ẹ máa ń kọ́kọ́ san fúnra yín kí iléeṣẹ́ tó san ìyókù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn eégbọn kì í sábà sí nínú rẹ̀ rárá.

Lójú tèmi, ti olóṣù méjìlá kò tọ́ sí ẹni tó fẹ́ sin ajá dalẹ́. Bí agbára lifetime kò bá sí, ẹ ra ti jàǹbá, kí ẹ sì máa tọ́jú owó díẹ̀ sí báńkì lóṣooṣù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé: bí àtọ̀gbẹ bá mú ajá mi lọ́dún yìí, ṣé ẹ ó ṣì máa sanwó rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i? Bí ìdáhùn wọn bá ń lọ́, ẹ wá iléeṣẹ́ mìíràn.