Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ fáàjì, ẹ ya Ìdànrè o!

Ọlidé dé, àwọn olówó àárín wa ti ń di báàgì. Ẹni kan ní London lòun ń lọ, òmíràn ní Dubai ni. Kò burú, owó wọn ni wọ́n ń ná. Ẹ̀yin tí owó oṣù yín kò gbé ọkọ̀ òfuurufú ni mò ń bá wí: ẹ wọ mọ́tò l'Ákùrẹ́, kẹ́ ẹ ní Ìdànrè lẹ̀ ń lọ. Kò jìnnà rárá.

Àtẹ̀gùn 660 lẹ máa gùn kẹ́ ẹ tó débi ìlú àtijọ́. Mo ní 660! Ìyàwó tó bá wọ bàtà gogoro lọ, ẹsẹ̀ lásán ló máa fi sọ̀kalẹ̀. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ jókòó, ẹ mumi. Bójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ rọra, òkúta máa ń yọ̀.

Orí òkè yẹn làwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di 1923 tí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ààfin Ọwá àtijọ́ wà ńbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà ńbẹ̀, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896 náà ńkọ́? Òkè náà ló wà.

Láti 2007 ni Nàìjíríà ti forúkọ òkè yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ kì í dúró de ìwé. Òjò kì í ṣọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹ tètè lọ wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa kọ orúkọ yín sára ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi báírò yín sílẹ̀ nínú mọ́tò.