Kí ló sọ chloroquine di aláìwúlò?

Àgbàlagbà tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lè gbàgbé chloroquine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Nivaquine. Ó korò bí ewúro, ó sì ń mú kí ara máa yún ènìyàn bí ẹni tó fara kan wèrèpè, síbẹ̀ ibà ń sá fún un.

Nígbà tó yá, ibà ò sá mọ́. Lọ́dún 2005, ìjọba àpapọ̀ fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ní ayédèrú oògùn ló fà á. Òótọ́ ni pé ayédèrú wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ògidì pàápàá ò rí ibà ṣe mọ́.

Kòkòrò ibà ló yí padà, kì í sì í ṣe pé ó gbọ́n. Kòkòrò tó wà lára aláìsàn kan kì í rí bákan náà, bí ọmọ ìyá kan ṣe lè ní adúláwọ̀ àti apọ́nbéporé. Bí wọ́n ṣe ń bí sí i, àṣìṣe díẹ̀díẹ̀ ń wọ inú ohun àjogúnbá wọn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn kan lè máa ti chloroquine kúrò níbi tó ti ń pa wọ́n. Oògùn pa àwọn yòókù, ẹ̀fọn gbé àwọn tó ṣẹ́kù kiri, irú ọmọ wọn ló wá gbalẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa irúgbìn àgbàdo náà ni. Oògùn ló bá kòkòrò ṣa irú.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wo Màláwì. Wọ́n pa chloroquine tì níbẹ̀ lọ́dún 1993. Láìsí oògùn náà, àwọn kòkòrò ti àtijọ́ tún borí àwọn alágídí. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2006, chloroquine wo nǹkan bí 99 nínú 100 àwọn ọmọ tí wọ́n fún.

Ní báyìí, wọ́n ti rí kòkòrò tó ń gbó artemisinin lẹ́nu ní Rwanda àti Uganda. Àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lo artemether-lumefantrine pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó lò ó lẹ́ẹ̀mejì, tó fi ìyókù pamọ́ de ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń bá kòkòrò ṣa irú ni. Àmọ́ ẹ̀bi náà kò yẹ kó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, nítorí àìlówó ló ń mú kí wọ́n pín oògùn lò. Kí ìjọba gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn náà dé ilé ìwòsàn abúlé, ní iye tí àgbẹ̀ lè san.